Ẹ Jẹ́ Kí Oòrùn Bá Yín Ṣètò

 Ẹ̀yin ọmọ mi ní Festac àti Amuwo-Odofin, mo ka ètò tí ẹ tò sílẹ̀ láti lọ wo idì àti àṣá lórí òkè Obudu. Ó wu ojú: aago márùn-ún ìdájí lẹ ó jí, aago mẹ́fà lẹ ó ti wà létí òkè, aago mẹ́wàá lẹ ó padà wá jẹun, ẹ ó sì rẹjú díẹ̀. Ètò ẹni tó ń lọ wo ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ nìyẹn. Ẹyẹ tí ẹ̀yin ń wá kì í jí báyẹn. Ara idì wúwo, kò sì ní fi agbára apá gòkè nígbà tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè gbé òun lọ́fẹ̀ẹ́. Orí igi tàbí orí àpáta ni yóò jókòó sí títí oòrùn yóò fi mú ilẹ̀ gbóná, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìgbà yẹn ni yóò na apá, tí yóò máa yípo, tí yóò máa ga sí i láìju apá rárá. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ọ̀sán ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Àkókò tí ẹ fẹ́ lọ rẹjú gan-an ni ẹyẹ yóò gbéra.

Àwọn baba wa ti wo àwòdì dáadáa kí wọ́n tó sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹ̀fúùfù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nígbà tí ẹ bá dé orí òkè, kí ẹ tó wá ẹyẹ. Ẹ mú ewé gbígbẹ díẹ̀, ẹ rún un, ẹ jù ú sókè, kí ẹ wo ibi tó ń fẹ́ sí. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè kò ní ibòmíràn tó lè gbà ju òkè lọ, ẹyẹ apẹranjẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ kọlu yẹn ni yóò máa tọ̀. Ẹ wá ibi tó ga níbẹ̀, tó kọjú sí àfonífojì, ẹ fi ẹ̀yìn ti òkúta, kí ẹ jókòó.

Mo ní kí ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa rìn, kí fóònù máa ka ìgbésẹ̀ fún yín. Ẹni tó ń rìn lórí òkè, ilẹ̀ ló ń wò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yẹ̀; ẹni tó jókòó ló ń wo ojú ọ̀run. Ẹ pín ojú ọ̀run láàárín ara yín: ẹnì kan mú ìlà-oòrùn, ẹnì kan mú ìwọ̀-oòrùn, ẹnì kẹta máa wo àfonífojì nísàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹyẹ máa ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ yín kọjá, tí ẹ ó sì rí ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tí ẹni tó wà nílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í rí. Wákàtí mẹ́ta lójú kan kò pọ̀jù. Bí wákàtí àkọ́kọ́ bá lọ láìsí nǹkan, ẹ fara balẹ̀, ilẹ̀ kò tíì gbóná ni.

Ọ̀rọ̀ oṣù tí ẹ ó lọ ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lọ. Obudu fi nǹkan bíi mítà 1,600 ga ju ojú òkun lọ. Nígbà òjò, kùrukùru lè bo orí òkè látàárọ̀ dalẹ́. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé tán láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ yóò sọ ojú ọ̀run di funfun, ẹ ó máa wo àmì dúdú kan lókè láìmọ̀ bóyá idì ni tàbí kannakánná. Ìparí oṣù kọkànlá ni èmi fara mọ́: òjò ti ń dáwọ́ dúró, eruku kò tíì dé, àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò sì ti wọlé. Àwòdì tiwa, èyí tí ìwé ń pè ní yellow-billed kite, ìhà gúúsù ló ń gbé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibí ló sì ń yé sí. Bí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, ó padà sí òkè ọ̀hún ní àríwá. Red-necked buzzard náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Yúróòpù ni honey buzzard àti osprey ti ń wá ní tiwọn. Tí àkọ́rọ̀ òjò bá fọ eruku dànù nínú oṣù kẹta, ẹ tún lè rí ọjọ́ dáadáa méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ìyẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sílẹ̀.

Kí oṣù kọkànlá tó dé, ojú ọ̀run Festac wà lókè yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò lè mọ àwòdì lókè 23 Road, kí ló fẹ́ lọ mọ̀ ní Obudu? Ẹ má wo àwọ̀, torí oòrùn ń sọ gbogbo ẹyẹ tó wà lókè di dúdú. Ìrísí àti bó ṣe ń fò ni kí ẹ wò. Ìrù àwòdì là bí ìrù ẹja, ó sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì láti fi darí ara rẹ̀. Apá buzzard fẹ̀, ìrù rẹ̀ kúrú. Apá falcon ṣe ṣóńṣó. Shikra, àṣá kékeré tó máa ń gba àárín igi àwọn avenue wa kọjá, apá rẹ̀ kúrú, ìrù rẹ̀ gùn. Á ju apá lẹ́ẹ̀mélòó kan, á wá yọ̀ lọ. Idì tí wọ́n ń pè ní bateleur fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìrù rárá. Kí ẹ tó gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ rò pé ẹyẹ náà jẹ́, kí ẹnì kejì gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé awò wò ó.

Ẹ tún lọ sí etí omi, níhà odò Badagry. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni osprey máa ń wá pa ẹja ní àwọn ọ̀sà wa. Níbi tí ọ̀pẹ bá pọ̀ sí, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí African harrier-hawk tó rọ̀ mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ: oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn, ìyẹn ló fi ń fa ọmọ ẹ̀gà jáde nínú ìtẹ́. Ẹ tún lè bá palm-nut vulture pàdé, igún funfun tó fi òkú ẹran sílẹ̀ tó ń jẹ ẹyìn. Ayé fẹ̀ o.

Àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi lórí èyí: ẹ má gbé awò sójú nítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri, Navy Town tàbí èbúté Tin Can. Kò sí sójà tí yóò gbà pé àwòdì lẹ ń wò. Ẹ má sì wọ aṣọ tó jọ ti ológun, kì báà ṣe nílé tàbí lórí òkè. Òfin kò fàyè gba ará ìlú láti wọ̀ ọ́. Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti ilẹ̀ tó ti ṣá ti tó. Ní ti awò fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kí ẹ rà, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀. Èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín nínú afẹ́fẹ́ òkè.

Kí ẹ tó lọ sí Obudu, ẹ fi òkè Ìdànrè gbára dì. Ó súnmọ́ wa ju Obudu lọ, àtẹ̀gùn 667 tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ yóò sì sọ fún yín ẹni tó lè gbé ẹrù tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín. Irú àpáta gàgàrà bẹ́ẹ̀ ni lanner falcon fẹ́ràn láti yé sí. Ẹ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ẹ fi ìjókòó wákàtí mẹ́ta tí mo sọ dánra wò. Ẹni tí kò bá lè dákẹ́ ní Ìdànrè, ẹ fi í sílé.

Tí ó bá di ti Obudu, Mazamaza tó wà nítòsí wa lẹ ó ti wọkọ̀. Ẹ gba Ọ̀rẹ̀, Benin, Onitsha, kí ẹ sì sùn ní Enugu. Ẹ má rin òru. Lọ́jọ́ kejì, Abakaliki, Ogoja, ìlú Obudu, kó tó kan ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó gun òkè fún nǹkan bíi kìlómítà 11. Ẹ pe àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n nípa ààbò ojú ọ̀nà, nípa iná, àti bóyá cable car ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọmọ Becheve ni kó mú yín rìn, kí ẹ sì san owó rẹ̀ láìdúnàdúrà jù. Ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ ni. Ẹ mú ṣúwẹ́tà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti Èkó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín yóò fi ṣòfò ni ojú ọ̀nà yẹn gan-an. Ẹ ó sùn, ẹ ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin sétí. Onímọ̀ ẹyẹ ará Faransé kan wà, Jean-Marc Thiollay. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó wa ọkọ̀ la ilẹ̀ Mali, Burkina Faso àti Niger já, ó ń ka ẹyẹ apẹranjẹ tó rí lójú títì. Nígbà tó tún gba àwọn ọ̀nà náà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn idì ńlá àti igún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbi tí kì í ṣe ọgbà ìjọba. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ni wọ́n kó pọ̀ nínú ìwádìí tó jáde ní 2024: nínú irú ẹyẹ apẹranjẹ 42 tí wọ́n yẹ̀ wò káàkiri Áfíríkà, 37 ló ti dín kù. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti rí i. Nítorí náà ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ẹ máa pín kíkà ẹyẹ náà ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ aago, ìlú tí ẹ wà, iye tí ẹ rí. Wákàtí tí ẹ kò bá rí ẹyọ kan, ẹ kọ òdo síbẹ̀. Òdo yẹn ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la yóò nílò jù.

Nípa igún, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Láti 2015 ni àjọ IUCN ti ka hooded vulture, igúnnugún tí gbogbo wa mọ̀, mọ́ àwọn tó wà ní bèbè àkúrun. Àwọn kan ń kú nípa májèlé, àwọn yòókù ń parí sórí àtẹ elékuléjà níhìn-ín nílẹ̀ Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bá òun mú orí igún tàbí ìyẹ́ idì bọ̀ láti òkè, ẹ kọ̀ fún un, kódà kó jẹ́ bàbá yín. Ẹ má sì fi drone lé ẹyẹ, ẹ má súnmọ́ ìtẹ́ nítorí fọ́tò. Ìyá ẹyẹ tó bá fi ẹyin sílẹ̀ nínú òtútù òkè yẹn lè má bá a láàyè mọ́.

Ẹ gbé ìwé Borrow àti Demey, Birds of Western Africa, dání, kí ẹ sì gba àpù tí ẹ ó lò sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Festac, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí níbẹ̀. Nigerian Bird Atlas Project, ètò tó ń kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ jọ, pín gbogbo ilẹ̀ wa sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Ẹ lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, ẹ to orúkọ ẹyẹ bí ẹ ṣe ń rí wọn tẹ̀ léra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí Festac wà nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sì ti Obudu dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹ tó fi àkọsílẹ̀ tibẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú àwọn òdo ojú ọ̀nà.