ÀRÒKỌ ONÍLẸ́TÀ: LẸ́TÀ GBẸ̀FẸ́ SÍ ÀBÚRÒ TÍ ÌṢIRÒ IGUN Ń DÀ LÁÀMÚ

Ìbéèrè: Àbúrò rẹ kọ̀wé sí ọ pé òun fẹ́ pa ìṣirò tì nítorí pé sáìnì, kosáìnì àti táńjẹ́ǹtì igun 30°, 45° àti 60° kò yé òun. Kọ lẹ́tà sí i, kí o sì fi yé e bí yóò ṣe máa rí wọn láìlo tábìlì tàbí ẹ̀rọ ìṣirò.

Ìlapa èrò:
(i) Ìkíni àti ìdí tí a fi kọ̀wé
(ii) Igun 45°
(iii) Igun 60° àti 30°
(iv) Àṣìṣe tí àbúrò ṣe
(v) Ìmọ̀ràn àti ìdágbére

ÀWÒKỌ́ṢE

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.
14 Oṣù Kejì, 2024.

Àkànní ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àti Ìyá ńkọ́? Ara tèmi le bí ọta. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà pẹ̀lú ìwé ìdánwò tí o fi sínú rẹ̀. Inú mi kò dùn pé o fẹ́ pa ìṣirò tì. Ìwọ tí o ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni o fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ta ni yóò gbà ọ́ láìyege nínú ìṣirò?

O ní àwọn nọ́mbà náà kì í dúró lórí rẹ. Má há wọn sórí mọ́. Lọ sí ìsọ̀ Bàbá, kí o ṣa àgékù pákó méjì.

Jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, tí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 90°. Pe ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 1. Fi ayùn là á láti igun kan dé èyí tí ó kọjú sí i. 90° ti pín sí méjì, ó di 45°. Òfin Pythagoras sọ pé 1² + 1² = 2, nítorí náà ojú ibi tí ayùn gbà kọjá gùn tó √2. Rántí pé sáìnì ni ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí igun, tí a fi ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù pín. Kosáìnì ni ẹ̀gbẹ́ kejì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun, tí a fi èyí tí ó gùn jù yẹn kan náà pín. Táńjẹ́ǹtì ni èyí tí ó kọjú sí igun, tí a fi èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pín. Nítorí náà:

sin 45° = 1/√2; cos 45° = 1/√2; tan 45° = 1.

Jẹ́ kí pákó kejì jẹ́ onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2, tí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 60°. Là á láti ṣóńṣó rẹ̀ dé àárín ìsàlẹ̀ gan-an. Ìsàlẹ̀ di 1, igun òkè di 30°. 2² − 1² = 3, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tí ó dúró ṣánṣán jẹ́ √3. Wò ó báyìí:

sin 60° = √3/2; cos 60° = 1/2; tan 60° = √3.
sin 30° = 1/2; cos 30° = √3/2; tan 30° = 1/√3.

Nínú ìdánwò rẹ, wọ́n ní àkàbà onímítà 6 fara ti ògiri, igun tí ó wà láàárín òun àti ilẹ̀ sì jẹ́ 60°. O kọ 1/2 fún sin 60°, o wá ní mítà 3 ni ó ga dé lára ògiri. Ìwọ náà ti bá Bàbá di àkàbà mú rí. Bí igun náà bá jẹ́ 30° ni yóò ga dé mítà 3, àkàbà tí ó bá sì sùn tó bẹ́ẹ̀ lè yọ̀ lábẹ́ ẹni tí ó gùn ún. Èsì tí ó tọ́ ni 6 × √3/2 = 3√3, ìyẹn bíi mítà 5.2. Láti 0° dé 90°, bí igun bá ṣe ń tóbi sí i ni sáìnì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Fi èyí yẹ iṣẹ́ rẹ wò nígbà gbogbo.

Bí o bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ́kọ́ ya pákó méjèèjì sí ẹ̀bá ìwé rẹ. Ohun tí a há sórí lè fò lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a fọwọ́ ara wa gé, a lè tún un gé.

Bá mi kí Bàbá àti Ìyá. Ó dìgbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́.

Àkíyèsí: Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ń ní. Kò ní àkọlé, orúkọ kan sì tó ní ìparí rẹ̀. Ṣe àkíyèsí pé bí ìṣirò tilẹ̀ pọ̀ nínú lẹ́tà yìí, ohùn ẹ̀gbọ́n sí àbúrò ni a fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.