Kí Ló Dé Tí Ètò Python Fi Ń Dúró Gbagidi?

Ètò kọ̀ǹpútà tó dúró lè má bàjẹ́ o. Ó lè jẹ́ pé ó ń retí ọ̀rọ̀ ni.

Socket ni ojú ọ̀nà tí ètò méjì ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí a bá kọ s.recv(1024) ní Python, à ń ní kó gba ọ̀rọ̀ tí kò ju báìtì 1024 lọ. Bí nǹkan kan ò bá tíì dé, ètò ò ní lọ sí ìlà tó kàn. Ẹ fi wé ọmọ tí wọ́n rán sí adẹ́mu, tó jókòó sídìí ọ̀pẹ títí bàbá á fi sọ̀kalẹ̀.

Bí bàbá ò bá wá sọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà, ó kan àwọn báńkì pàápàá. Okùn tó já kì í ránṣẹ́ pé òun ti já. Ètò tí a ò fún ní gbèdéke lè wà níbẹ̀ títí.

Ọ̀nà àbáyọ:

1. s.settimeout(5): dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré. Tí ọ̀rọ̀ ò bá dé, TimeoutError á jáde. Fi try àti except mú un, kí o tún gbìyànjú.

2. s.setblocking(False): má dúró rárá. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì dé, BlockingIOError lo máa rí.

Ẹ má ṣì í mú o: b"" kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ò tíì dé, ẹnìkejì ti ti ilẹ̀kùn tiẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ń kọ ètò, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: títí dìgbà wo ni yóò dúró?