Kí Ló Dé Tí Onídà Mi Ń Kú Níwájú Tafàtafà?

ÌBÉÈRÈ: Civilization IV ni mo máa ń gbá lórí kọ̀ǹpútà lálaalẹ́. Onídà mi ní agbára 6, tafàtafà ọ̀tá ní 3 péré. Síbẹ̀, bí mo bá ti kọlu ìlú wọn tó wà lórí òkè, onídà mi ni yóò kú. Mo tún géèmù ṣí láti ibi tí mo fi í pamọ́ sí, mo tún kọlù wọ́n, ikú kan náà ni. Ṣé kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà yìí ń rẹ́ mi jẹ? Ẹ tún bá mi wò ó: àfikún ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń fún ọmọ ogun tó bá ti jà rí, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó kéré jù lójú mi.
Àbúrò yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Kọ̀ǹpútà kò rẹ́ ọ jẹ. 6 àti 3 tí o rí yẹn ni agbára tí a dá wọn mọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé dé ojú ìjà.

Jẹ́ ká ka ohun tí tafàtafà yẹn ti kó jọ kí o tó dé. Ó ń ṣọ́ ìlú, iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a nìyẹn, ó gba ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé agbára rẹ̀. Òkè máa ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó bá dúró lórí rẹ̀ ní 25, tafàtafà sì tún ní 25 tirẹ̀ lọ́tọ̀ bó bá wà lórí òkè. Bí ó bá ti jókòó láìṣípò fún yípo márùn-ún, márùn-ún márùn-ún lórí yípo kọ̀ọ̀kan, 25 mìíràn nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di 125, ká tilẹ̀ ní ìlú náà kò ní odi tàbí ààbò mìíràn. Onídà rẹ náà ní 10 tirẹ̀ fún kíkọlu ìlú, ṣùgbọ́n géèmù yìí kì í fi ìyẹn kún agbára onídà. Inú àfikún tafàtafà ló ti ń yọ ọ́. Ó ku 115. Agbára 3 ti di 6.45. Ìwọ tí o rò pé o fi ìlọ́po méjì jù ú lọ, ìwọ gan-an ni agbára rẹ kò tó.

Ibi tó dùn jù nínú ìṣirò náà ṣì ń bọ̀. Ẹ̀mí 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé wọ ìjà. Wọn kì í parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí ara wọn lára títí ẹ̀mí ẹnì kan á fi tán. Ní ìkọlù kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ nínú àpapọ̀ agbára ẹ̀yin méjèèjì ló ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ìwọ lo máa dá ọgbẹ́: 6 nínú 12.45, nǹkan bí 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí agbára bá dọ́gba, ọgbẹ́ kan ń mú ẹ̀mí 20 lọ. Níbi tí tìrẹ ti dín díẹ̀ yìí, ọgbẹ́ tí onídà rẹ ń dá di 19, ti tafàtafà dúró sí 20, nítorí géèmù máa ń gé ìdá tó bá lé lórí odidi nọ́ńbà sọnù. Má fojú kékeré wo ẹyọ kan yẹn. Ọgbẹ́ 19 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 95, ẹ̀mí 5 ṣì kù lára tafàtafà, ó sì ń jà lọ. Ìwọ nílò ọgbẹ́ mẹ́fà, òun nílò márùn-ún. Fi kún un pé tafàtafà ní ànfààní àtita ọfà kan kí onídà tó sún mọ́ ọn. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, nínú irú ìjà yìí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 27 lo máa borí.

Wá fún onídà yẹn ní City Raider àkọ́kọ́, ìdá 20 tí o ní ó kéré. Àfikún tafàtafà wálẹ̀ sí 95, agbára rẹ̀ di 5.85. Ọgbẹ́ tìrẹ di 20, tirẹ̀ di 19. Ìwọ ló wá nílò márùn-ún, òun ló nílò mẹ́fà. Láti 27, o ti bọ́ sí nǹkan bí 58. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Ṣùgbọ́n ká ní o tún yára dé ní yípo méjì ṣáájú, tí àfikún ìjókòó rẹ̀ fi dín ní 10, 61 péré ni wàá ní, torí iye ọgbẹ́ tí kálukú nílò kò yí padà. Nítorí náà, má kàn máa wo bí àfikún ṣe tóbi tó. Wò ó bóyá ó yí iye ọgbẹ́ padà. Bí odò bá sì wà láàárín yín, wá ọ̀nà mìíràn gbà, nítorí kíkọlu ẹni láti òdìkejì odò ń fi 25 ta ọ̀tá lọ́rẹ, ó sì ju gbogbo ohun tí City Raider yẹn ṣe fún ọ lọ.

Ti ikú kan náà tí o ń rí: géèmù yìí máa ń pa nọ́ńbà oríire mọ́ pọ̀ mọ́ ibi tí o fi í pamọ́ sí. Bí o bá ṣe ohun kan náà bí o ti ṣe é tẹ́lẹ̀, èsì kan náà ni. Bí o bá fẹ́ kó máa yí padà, yan “New Random Seed on Reload” nígbà tí o bá ń bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun.

Ìbínú rẹ kò ṣàjèjì. Sid Meier, tí orúkọ rẹ̀ wà lára géèmù yìí, sọ níbi ìpàdé àwọn aṣegéèmù ní San Francisco lọ́dún 2010 pé bí agbára bá jẹ́ mẹ́ta sí ẹyọ kan, àwọn tó ń gbá géèmù kì í gbà pé àwọn lè pàdánù rárá; àmọ́ bí ẹyọ kan tiwọn bá borí mẹ́ta, wọn kì í ráhùn. Ó yé mi. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, oríire kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ọmọ ayò tí o bá kà lo máa rí. Níbí, 58 túmọ̀ sí pé o lè kú nínú 42.

Nítorí náà, má rán ẹnì kan ṣoṣo lọ. Agbára máa ń wálẹ̀ bí ẹ̀mí ṣe ń wálẹ̀: tafàtafà tó ti gba ọgbẹ́ 20 mẹ́rin ku ẹ̀mí 20, agbára 5.85 rẹ̀ ti di nǹkan bí 1.2. Bí òun nìkan ló ń ṣọ́ ìlú náà, onídà kejì ni kó lọ bá a ní yípo kan náà, kó tó ráyè tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀.