Kọ́bọ̀ Oníhò Ọdún 1936: Báwo Lẹ Ṣe Máa Mọ Èyí Tó Níye Lórí?

Ká ní ẹ rí kọ́bọ̀ oníhò kan nínú àpótí màmá àgbà ní Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n kọ EDWARDVS VIII àti 1936 sí i lára. Ṣé ọlà ti dé nìyẹn? Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ọba Edward Kẹjọ kò lò tó ọdún kan lórí oyè kó tó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1936. Owó tó ní orúkọ rẹ̀ kò di níná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ a ná an níbí. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n rọ, nítorí náà èyí tó wọ́pọ̀ kò níye lórí púpọ̀.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí àṣìṣe wà lára rẹ̀. Lẹ́tà H, àmì ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n ń rọ owó fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, wọ́n sì ṣèèṣì fi òǹtẹ̀ owó ọ̀hún tẹ ojú tí adé wà.

Àyẹ̀wò mẹ́ta:

1. Ẹ fi ojú tí adé wà wé ti kọ́bọ̀ 1936 mìíràn.
2. Ẹ bẹ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Àpápá kó bá yín wọ̀n ọ́n: nǹkan bíi gíráàmù 9.5 ni. Mágnẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ fà á.
3. Ẹ wo etí rẹ̀ àti inú ihò rẹ̀. Bí ojú ìlẹ̀pọ̀ bá wà níbẹ̀, ayédèrú ni.

Iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀ rí ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe iye tí ọlọ́jà ń pè. Ẹ má sì bó o dán, torí dídán ń dín iye rẹ̀ kù.