Ìwé Ìpè àti Ìwé Àbá Nínú Iṣẹ́ Ìpolówó Ọjà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Láyé àtijọ́, ẹlẹ́kọ ni í fi ẹnu ara rẹ̀ polówó ẹ̀kọ. Lónìí, orí Facebook, Instagram àti irú wọn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń polówó, wọn a sì máa gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fojú sọ́nà láti jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí á mọ bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn sí i, àti bí a ṣe ń jẹ́ ìpè náà.

Ìwé Ìpè

Kí á fi ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ṣe àpẹẹrẹ. Yóò kọ ìwé ìpè sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó yẹ kí ìwé náà sọ nǹkan márùn-ún:

(i) ohun tí wọ́n ń fẹ́: ṣé kí orúkọ ọṣẹ náà tàn kálẹ̀ ni, àbí kí ó tà;
(ii) àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ kí ìpolówó náà dé ọ̀dọ̀ wọn;
(iii) iye owó tí wọ́n ní;
(iv) ọjọ́ tí àbá yóò wọlé àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀;
(v) òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi yan ẹni tó yege.

Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kí á béèrè rẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbá.

Ìwé Àbá

Èkíní, kí á ya owó iṣẹ́ wa sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí a ó san fún Facebook tàbí Instagram.

Èkejì, kí á sọ bí a ó ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ẹni tó ń wòran kọ́ ló ń rajà. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè yin àwòrán ọṣẹ kí ẹyọ kan má tà.

Ẹ̀kẹta, kí á fi àyè sílẹ̀ fún òfin. Òfin ọdún 2022 tó sọ APCON di ARCON béèrè pé kí ìgbìmọ̀ yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, títí kan ti orí ayélujára.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó bá kó gbogbo ìpolówó rẹ̀ síbẹ̀ nígbà náà, ọjà rẹ̀ kò ní ẹnu mọ́ fún oṣù méje.

Kí Á Má Baà Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí í gba àbá lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún, tí wọn kò ní yan ẹnì kankan, tí wọn yóò sì fi ọgbọ́n inú àbá náà ṣiṣẹ́ fúnra wọn. Ọlọ́bẹ̀ a máa fún ni tọ́ wò, ṣùgbọ́n kì í gbé ìkòkò fún ni. Kí á fi ọ̀nà hàn wọ́n nínú àbá, kí á má ṣe iṣẹ́ náà parí. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiwa ni àbá náà títí wọn yóò fi sanwó, kí á sì béèrè ìgbà tí owó yóò jáde.

Àwa náà kò gbọdọ̀ rẹ́ wọn jẹ. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí á fi ṣí ojú ewé wọn, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè padà sọ́wọ́ wọn bí àdéhùn bá parí. Oníṣẹ́ tí a bá rí i pé ó ṣeé fọkàn tán ni a tún ń pè.