Akíntọ́lá Takú: Ewé Kan àti Ibùgbé Rẹ̀ ní Àríwá Èkìtì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tí wọ́n sọ ewé kan ní Akíntọ́lá Takú wo ilé, wọ́n sì wo oko pẹ̀lú. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ yẹ orúkọ náà wò, kí a sì wádìí bóyá lóòótọ́ ni ewé yìí ń takú ní gbogbo ibi tó bá dé. Agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé igbó, oko kòkó àti ọ̀dàn pàdé níbẹ̀.

Orúkọ àti Ìtàn Rẹ̀

Chromolaena odorata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀, òórùn rẹ̀ a ta síni nímú. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ó fara pamọ́ sáàárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó láti Sri Lanka wá sí apá Enugu, láàárín ọdún 1937 sí 1942. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn káàkiri.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, wọ́n ní kí Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, fi ipò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀. Àgbẹ̀ tó ro oko lónìí, tí ewé yìí tún hù lẹ́yìn rẹ̀, kò ní láti wá orúkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé àwọn mìíràn ń pe ewé kan náà ní Ewé Awólọ́wọ̀. Àwọn méjì tí ẹgbẹ́ kan kò gbà mọ́, ewé kan gbà wọ́n.

Bí a Ṣe Ń Ka Ewé

Bí ìjọba ti ń ka ènìyàn ni a lè ka ewé. Kí a fi okùn wọn ilẹ̀ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Kí a ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àwọn tó ń dàgbà àti àwọn tó ti ń tanná, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojúkò púpọ̀, kí a sì tún padà lọ kà wọ́n lásìkò mìíràn. Nígbà náà ni a ó mọ bóyá iye wọn ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dínkù.

Ibùgbé Mẹ́rin

Ní etí títì láti Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, tọmọdé tàgbà wọn ló wà pọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tanná. Èso rẹ̀ kéré, ó sì ní irun funfun tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé lọ. Ó tún ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun ẹran. Bí a bá bẹ́ ẹ, kùkùté rẹ̀ a tún rúwé.

Ní ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi, ọ̀rọ̀ gba àròjinlẹ̀. Ní ọdún kìíní, àwọn èwe a hù bí irun orí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tó lágbára a bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Igbó ewé náà a dí débi pé ènìyàn kò ní lè kọjá, bẹ́ẹ̀ ni iye ìdí rẹ̀ ti dínkù. Nítorí náà, dídí igbó kọ́ ni pípọ̀ ewé.

Ní ìhà Ìpàó àti Òkè-Àkò, tí ilẹ̀ Èkìtì ti ń súnmọ́ Kwara àti Kogí, ọ̀dàn ni ó pọ̀. Níbẹ̀, koríko ń bá a du ilẹ̀, iná ìgbẹ́ ọdọọdún sì ń pa àwọn èwe rẹ̀. Àgbà tí iná jó lè tún rú láti ìdí.

Ẹ̀kẹrin ni abẹ́ igi. Ewé yìí kò lè ṣe kí ó má rí oòrùn. Nínú ẹgàn àti oko kòkó tó dí, a kò ní rí i, àfi ibi tí igi bá ti wó.

Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Bàbá mi àgbà, tí oko wọn wà lẹ́yìn Ìkọ̀lé, máa ń sọ pé kò sí ohun tó lè lé Akíntọ́lá lọ. Ní ọjọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ẹ ò rí i pé kò sí lábẹ́ kòkó yín?" Wọ́n wò yíká, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ibòòji ló gba ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀ níbí."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń sinmi pẹ́, igi a ga ju ewé yìí lọ, a sì bò ó. Nísinsìnyí tí ilẹ̀ kò tó mọ́, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń padà sórí ilẹ̀ kan náà lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a ń bẹ́ igi kí ó tó ga, a sì ń ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀ fún un. Àwa gan-an ni a ń bá a takú.

Kì í ṣe ọ̀tá pátápátá náà. A ń fún omi ewé rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ àdá kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ tó rẹ̀ sílẹ̀ a sì máa di ajílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sí oko nínú ìsinmi, ẹ mú okùn àti ìwé lọ́wọ́. Ẹ béèrè orúkọ ewé lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ sì ka ewé náà níbi tó hù sí. Orúkọ nìkan kò ní sọ fún wa pé ibòòji ń ṣẹ́gun rẹ̀.