Kí Ọmọ Igi Má Bàa Kú Sọ́wọ́ Ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin igi sí àgbàlá àti ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ oko. Oko ata Olóyè Arómirẹ́ ni ibi tí Ìgà Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà lónìí. Kọnkéré àti páànù ló kàn dé bo ilẹ̀ náà, tí ooru ọ̀sán fi ń ti ara ògiri bọ̀ sára ọmọ igi.

Láti 2008 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ó dára, àmọ́ ẹni tó bá lè gbìn ín ní oṣù Karùn-ún, kó má dúró dè é. Dídá tí òjò máa ń dá ní oṣù Kẹjọ kì í sábà pa igi, nítorí ìkùukùu á bo oòrùn. Oṣù Kọkànlá tí òjò bá lọ, tí ọyẹ́ wá tẹ̀ lé e, la ó mọ èyí tó ta gbòǹgbò.

Bí omi bá dín nílẹ̀, igi á pa àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ dé kí omi ara rẹ̀ má bàa tán. Ewé á sorọ̀ kí oòrùn má bàa pa á tààrà. Bó bá tún le jù bẹ́ẹ̀, á wọ́wé. Nítorí náà, ewé tó rọ lọ́sàn-án tó sì nà padà lálẹ́ kò ṣàìsàn. Èyí tó ṣì rọ ní ìdájí ni òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí ẹ tó bu omi, torí omi tó dúró sídìí dógóyárò máa ń pa á ju ọ̀dá lọ.

Ọmọ igi tí wọ́n tọ́ lábẹ́ àtíbàbà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ewé rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú oòrùn lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ewé á jóná. Ẹ fi oòrùn àárọ̀ kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa fi wákàtí kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí gíga rẹ̀ tàn yín lọ́jà: èyí tó ga gogoro nínú ọ̀rá kékeré, gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ po bí okùn kànga, kò sì lè fa omi tó ewé tó gbé rù. Kúkúrú tí ìdí rẹ̀ ki ló sàn. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò, kí ẹ tú gbòǹgbò tó bá lọ́ kí ẹ tó gbìn ín.

Ẹ má fi omi ọ̀sà rin ín. Lẹ́ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọnú ọ̀sà, iyọ̀ rẹ̀ á sì pọ̀. Gbòǹgbò kò ní lè fa omi bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Kànga míì náà níyọ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Níbi tí iyọ̀ bá pọ̀, igi fúrúùtù (tí wọ́n ń pè ní almond) àti àgbọn ni kí ẹ gbìn.

Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sàn ju omi díẹ̀díẹ̀ tí ẹ ń wọ́n lójoojúmọ́ lọ, torí ó ń fa gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Ẹ fi èèpo àgbọn tàbí koríko gbígbẹ bo ìdí igi, àmọ́ kó má kan ara igi náà. Ẹ ri imọ̀ ọ̀pẹ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, ẹ má dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀kan.